Kókó Tí Kì Í Dunni: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Ibi Tí Lymphoma Fara Pa Mọ́ Sí

Ní sáà tó kọjá, kókó kan yọ sí ọrùn ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń kọ́ èdè Yorùbá. Kò dùn ún. Ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ̀ ní kí ó máa fi òrí ra á. Nígbà tí kókó náà di mẹ́ta, tí ibà alẹ́ àti òógùn tó ń rẹ aṣọ ibùsùn dé sí i, ó lọ sí ilé ìwòsàn kan (a ò ní dárúkọ rẹ̀). Wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú kókó ni, wọ́n sì fún un ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Oṣù mẹ́rin kọjá, kókó ò lọ. Ilé ìwòsàn mìíràn ló gé kókó kan yọ, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, tí wọ́n sì sọ pé lymphoma ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Hodgkin.

Ohun tó tẹ̀lé e ló yà wá lẹ́nu. Dókítà ní kí ó lọ ya àwòrán MRI gbogbo ara kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ó sì tún lọ yà á lẹ́yìn tó bá ti gba oògùn díẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí a ń dá owó náà jọ, ẹnì kan bèèrè pé: bí wọ́n bá ti mọ orúkọ àrùn, kí ni wọ́n tún ń wá? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ìbéèrè yẹn ló mú wa máa ka ìwé, ohun tí a sì bá níbẹ̀ kọjá ohun tí a retí. Apá tó pọ̀ nínú ìmọ̀ àrùn yìí, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìbàdàn wà nídìí rẹ̀, àwọn ọmọ Èkìtì sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Gbogbo wa ni a ní àwọn kókó kéékèèké ní ọrùn, ní abíyá, ní ibi tí itan ti pàdé ikùn, àti nínú àyà àti ikùn lọ́hùn-ún níbi tí ọwọ́ kò lè tó. Iṣẹ́ ṣọ́jà ni wọ́n ń ṣe. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ti ń dúró de àrùn. Ẹni tó bá ti ní egbò lẹ́sẹ̀ rí mọ̀ pé kókó máa ń wú lókè itan, a sì máa dunni. Bí egbò bá jinná, kókó á rọlẹ̀. Lymphoma ni ìgbà tí àwọn ṣọ́jà wọ̀nyí fúnra wọn bá ya dìgbòlugi, tí wọ́n ń bí sí i láìdúró. Kókó á wú, kò sábà ń dunni, kò sì ní rọlẹ̀.

(Nínú kíláàsì, a máa ń yangàn pé èdè wa ti ní orúkọ tirẹ̀ fún àrùn yìí: jẹjẹrẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ènìyàn díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ náà ń júwe, egbò tó là, tó ń rùn. Ẹni tó ń retí egbò kò ní ka kókó tí awọ rẹ̀ ń dán, tí kò sì dùn ún, sí jẹjẹrẹ. A rò pé orúkọ náà ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.)

Thomas Hodgkin, dókítà ní Guy's Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ̀wé nípa irú kan nínú rẹ̀ ní 1832. Ọkùnrin yìí náà wà lára àwọn tó lòdì sí òwò ẹrú nígbà ayé wọn. Òkú ló là kó tó rí ohun tó rí. Kò sí ọ̀nà mìíràn láti mọ ohun tó wà nínú. Láti ìgbà náà ni ìṣòro kan ti wà tí kò kúrò nílẹ̀. Bí dókítà bá tilẹ̀ mọ̀ pé lymphoma ni, ibo ló wà? Ó lè wà ní ọrùn kó tún wà lẹ́yìn ọkàn, kó wà nínú ikùn, kó wà nínú mùdùnmúdùn egungun. Ìtọ́jú èyí tó wà lójú kan kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti èyí tó ti tàn dé ibi mẹ́rin. Ìdáhùn sí ìbéèrè ọ̀rẹ́ wa nìyẹn, ibi tó wà ni wọ́n ń wá. Gbogbo ìyókù ìtàn yìí, ìtàn bí wọ́n ṣe ń wá a ni.

Ní 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, wọ́n pe oníṣẹ́ abẹ kan tó jẹ́ ọmọ Ireland, Denis Burkitt, kó wá wo ọmọdékùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Burkitt kò rí irú rẹ̀ rí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Jinja, ó sì rí ọmọbìnrin kan láti ojú fèrèsé, wíwú kan náà. Ó sáré jáde lọ bá a. Nígbà tó tẹ ikùn ọmọ náà wò, kókó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ojú kan ṣoṣo ni Burkitt ní. Ó ti pàdánù èkejì láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ojú kan yẹn ló fi rí ohun tí àwọn tó ní méjì ti ń rí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkà á sí nǹkan kan. Ní 1958, ó tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ mọ ibi tí àrùn náà dé. Ó tẹ ìwé pélébé pẹ̀lú àwòrán àwọn ọmọ náà, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àti ti ìjọ káàkiri Áfíríkà, ó ń bi wọ́n pé, ǹjẹ́ ẹ rí irú èyí lọ́dọ̀ yín? Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, òun àti dókítà méjì, Ted Williams àti Cliff Nelson, wọ mọ́tò àlòkù kan láti Uganda, wọ́n rin nǹkan bí 10,000 máìlì dé Gúúsù Áfíríkà kí wọ́n tó padà. Wọ́n ń dé ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, wọ́n ń bèèrè. Ohun tí wọ́n rí ni pé àrùn náà kì í sí ní orí òkè tó tutù, kì í sì í sí níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n. Ibi tó gbóná, tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, tí ẹ̀fọn ti pọ̀, ibẹ̀ ló wà. Ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ìgbànú yẹn. Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, pẹ̀lú igbó àti òjò wa, wà nínú rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé Lọ́ńdọ̀nù. Anthony Epstein gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Burkitt ṣe níbẹ̀ ní oṣù kẹta 1961, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹran ara àwọn ọmọ náà láti Kampala nínú ọkọ̀ òfuurufú, òun pẹ̀lú Bert Achong tó jẹ́ ọmọ Trinidad àti Yvonne Barr sì kéde ní 1964 pé fáírọ́ọ̀sì kan wà nínú rẹ̀. Òun ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ló ní in lára láìṣe wá ní nǹkan kan. Ibi tí ibà ẹ̀fọn ti ń kọ lu ọmọdé léraléra ló ti ń rí àyè ṣe ìkà.

Ìbàdàn wá dà? Ọdún 1957 tí Burkitt rí ọmọ àkọ́kọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH. Ní 1960, ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń kọ ẹni tó ní in, irú tó ní, àti ibi tó ti wá. George Edington, tó ń yẹ ẹran ara wò ní Ìbàdàn, àti C. M. U. MacLean gbé èsì ọdún 1960 sí 1963 jáde ní 1965. Láàárín àwọn ọmọdé Ìbàdàn, lymphoma Burkitt ló gba iwájú nínú gbogbo jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá rò pé àìsàn òyìnbó ni jẹjẹrẹ, kó lọ ka ìwé yẹn.

Níbẹ̀ ni Victor Anomah Ngu ti ṣiṣẹ́. Ọmọ Kamẹrúùnù ni, ó kàwé ní University College Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an, ó sì padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ni, àmọ́ abẹ kọ́ ló fi bá Burkitt jà. Ó rí i pé oògùn ń yọ́ wíwú náà bí ìgbà tí yìnyín bá bọ́ sínú oòrùn, ó sì rí i pé ara ọmọ fúnra rẹ̀ máa ń bá àrùn náà jà. Ní 1972, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà, òun àti Burkitt àti àwọn mìíràn. Ó yà wá lẹ́nu pé a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí a fi dé yunifásítì.

Ẹ̀ka ọpọlọ wà ní UCH pẹ̀lú, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan Èkìtì. Latunde Odeku, ọmọ Àwẹ́, dé láti Amẹ́ríkà ní 1962 láti dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀. Kayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, akẹ́kọ̀ọ́ Christ's School Adó-Èkìtì nígbà kan rí, ni dókítà iṣan àti ọpọlọ níbẹ̀. Adelola Adeloye, ọmọ Èkìtì bíi tirẹ̀, ni oníṣẹ́ abẹ tó tẹ̀lé Odeku. Ní 1973, orúkọ àwọn mẹ́ta yìí wà lórí ìwé kan nípa àwọn tí Burkitt kọ́kọ́ yọjú sí láti ojú àti iṣan ọpọlọ wọn. Ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò wú rárá, tó kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan méjì níbi tí ẹyọ kan wà, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò lè rìn mọ́, lymphoma lè ti wà lórí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń wá a: X-ray, abẹ́rẹ́ tí a fi ń fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn, oògùn tí wọ́n ń fi sínú ara kí nǹkan lè hàn lórí fíìmù, àti ọwọ́. Ọwọ́ ló ṣe jù.

Láti ẹsẹ̀ Olósùnta dé Ìbàdàn kì í sì í ṣe ìrìn kékeré nígbà náà: Àkúrẹ́, Iléṣà, Ifẹ̀, kó tó kan Ìbàdàn. Burkitt inú ọmọdé lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ọmọ tó kúrò ní Èmùré pẹ̀lú kókó kan lè dé Ìbàdàn pẹ̀lú òmíràn.

Ní òkè òkun, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá lymphoma Hodgkin le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1971, àwọn dókítà pàdé ní Ann Arbor ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹnu kò lórí ìpele mẹ́rin: ojú kan, ojú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkè àti ìsàlẹ̀ awọ tó pín àyà àti ikùn, àti ìpele tó ti bọ́ sínú ẹ̀dọ̀ tàbí mùdùnmúdùn. Ó dára. Ṣùgbọ́n láti mọ ìpele ẹni tó wà láàyè, wọ́n ń la ikùn rẹ̀. A tún un sọ: wọ́n ń la ikùn ènìyàn láti wò ó lásán. Ìgbà tí ẹ̀rọ CT dé, tó ń fi X-ray gé ara ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni gé búrẹ́dì, ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dópin.

Ìdí jẹjẹrẹ náà ni ọ̀rọ̀ MRI ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1971, Raymond Damadian ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé omi inú kókó jẹjẹrẹ eku kì í dáhùn sí òòfà bíi ti omi inú ẹran ara tó dá ṣáṣá. Ní 1973, Paul Lauterbur fi bí wọ́n ṣe lè sọ ìdáhùn yẹn di àwòrán hàn, Peter Mansfield ní Nottingham sì mú kó yára. Àwọn méjì yìí gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Wọn kò fún Damadian, ó sì bínú débi pé ó ra ojú ewé ìwé ìròyìn láti fi ẹ̀hónú hàn. Lójú tiwa, ó ní ẹjọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le ju bí a ṣe rò lọ. Omi ló pọ̀ jù nínú ara wa. Inú omi ni háídírójìn wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dà bí òòfà tíńtín. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ sínú òòfà ńlá, wọ́n á tò. Ẹ̀rọ á wá fi ìgbì rédíò gbá wọn, wọ́n á yẹ̀. Bí wọ́n bá ń padà sí ipò wọn, àwọn náà á fi ìgbì rédíò dáhùn, kọ̀ǹpútà á gbọ́, á sì yàwòrán. Kò sí ìtànṣán X-ray kankan níbẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀, irin kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ọn: yẹtí, kọ́kọ́rọ́, ońdè tó ní irin nínú, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀.

Èyí tó kan lymphoma jù ni irú MRI tó ń ṣọ́ bí omi ṣe ń rìn. Denis Le Bihan, ọmọ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àárín ọdún 1980 sí 1989. Ní 2004, Taro Takahara àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi bí wọ́n ṣe lè fi ya gbogbo ara hàn, láìsọ pé kí ènìyàn di èémí mú. Ẹni tó bá dé Ọjà Ọba ní Ìkẹ́rẹ́ ní kùtùkùtù lè rìn bó ṣe wù ú. Kó padà wá nígbà tí ọjà bá kún, kò ní lè gbẹ́sẹ̀ méjì láìkọ lu agbọ̀n ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ ni omi rí. Sẹ́ẹ̀lì lymphoma máa ń fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí omi àárín wọn kò fi ráyè rìn. Ẹ̀rọ ń rí ibi tí omi há sí, ibẹ̀ á sì dúdú lórí àwòrán funfun: ọrùn, àyà, ikùn, inú egungun.

Àǹfààní rẹ̀ kejì ló jẹ́ kí dókítà ní kí ọ̀rẹ́ wa padà lọ. Bí oògùn bá ń pa sẹ́ẹ̀lì, ọjà ti ń tú nìyẹn. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kí kókó fúnra rẹ̀ tó kéré. Dókítà lè tipa bẹ́ẹ̀ tètè mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Nínú Hodgkin, ó wọ́pọ̀ kí kókó àyà má tán lẹ́yìn ìwòsàn. Ó lè jẹ́ àpá lásán ló kù. CT tó ń wọn ìtóbi nìkan kò lè fi ìyàtọ̀ hàn dáadáa. Ọ̀dọ́ tí wọn yóò yà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, márùn-ún, láàárín ọdún díẹ̀ kò sì ní í gba ìtànṣán kankan sára.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ yìí kì í ṣìnà o. Kókó tó dá ṣáṣá, àti ọpọlọ, a máa dúdú díẹ̀ lórí àwòrán bẹ́ẹ̀. Kókó ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè tan ènìyàn jẹ. Nítorí náà, kò sí MRI tó lè rọ́pò gígé díẹ̀ nínú kókó lọ yẹ̀ wò, ẹni tó bá sì ya àwòrán kó tó gé e ti ná owó sí ibi tí kò yẹ kó kọ́kọ́ ná an sí.

Ní àgbáyé, PET/CT ni wọ́n fi ṣáájú. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní Lugano, tó jáde ní 2014, òun ló yàn. Wọ́n á fún aláìsàn ní ṣúgà tó ní ìtànṣán nínú, lymphoma á jẹ ẹ́ ju ẹran ara yòókù lọ, ẹ̀rọ á rí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ìtànṣán ṣúgà yẹn máa ń dín kù sí ìdajì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 110. Ká ní wọ́n pò ó ní Èkó, tí mọ́tò sì gbé e dé Ìkẹ́rẹ́ lẹ́yìn wákàtí márùn-ún ààbọ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ló kù. Omi kò nílò ẹni tó máa gbé e wá láti Èkó. Ó ti wà lára aláìsàn.

Ẹ̀rọ tó máa wò ó ló kù. Ní 2012, àwọn dókítà UCH, pẹ̀lú Godwin Ogbole, kọ̀wé nípa ìrírí wọn pẹ̀lú MRI wọn: òòfà rẹ̀ jẹ́ 0.2 tesla. Èyí tí wọ́n sábà fi ń ṣọ́ omi gbogbo ara jẹ́ 1.5 tàbí 3. Òòfà kékeré ní ire tirẹ̀, kò nílò helium olómi tó tutù rékọjá, iná sì lè lọ kó má bàjẹ́. Ó ń ṣe dáadáa fún ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn ibi tí Osuntokun àti Adeloye fi abẹ́rẹ́ wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ara, ó kọjá agbára rẹ̀. Nígbà tí Ogbole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka gbogbo MRI Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2018, 84 ni gbogbo rẹ̀ fún ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370. 58 wà ní Nàìjíríà, òòfà kékeré ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ilé ìwòsàn yunifásítì Afe Babalola ní Adó-Èkìtì, tí wọ́n ṣí ní 2017, ní MRI. Ìkẹ́rẹ́ sí Adó kì í ṣe ìrìn àjò. Ohun tó há ni owó, nítorí àpò aláìsàn ni ọ̀pọ̀ jù lọ owó yìí ti ń jáde.

Níbi tí a dé yìí, ẹnu wa kò kò. Àwọn kan nínú wa ní kí ìjọba ra MRI sí gbogbo ìlú ńlá. Àwọn mìíràn, tí ó ṣì pọ̀ díẹ̀ jù wọ́n lọ, tọ́ka sí ìwádìí kan tó jáde ní 2012: àwọn ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Nairobi àti Dar es Salaam tọ́jú aláìsàn Burkitt 356 pẹ̀lú oògùn mẹ́ta tí kò wọ́n púpọ̀, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì. Àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn kékeré lè ṣe ni wọ́n gbára lé jù. Ọmọ tó ní Burkitt kò lè dúró de ìgbà tí wọn yóò dá owó MRI jọ. Oògùn ni kó kọ́kọ́ gbà. Ọ̀dọ́ tó ní Hodgkin ni àwòrán yìí wúlò fún jù, nítorí òun ṣì ní àyè díẹ̀, oògùn tó sì máa gbà lè ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ bí wọ́n bá fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Mímọ ìgbà tó tó, kí wọ́n dáwọ́ dúró, iṣẹ́ ni.

Ọ̀rẹ́ wa ya èkejì lẹ́yìn tó ti gba oògùn fún oṣù méjì. Dókítà gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà. Lórí ti àkọ́kọ́, dúdú wà ní ọrùn, lẹ́yìn ọkàn, àti ní abíyá òsì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí. Lórí èkejì, abíyá ti mọ́, ọrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, èyí tó wà lẹ́yìn ọkàn ṣì tóbi ṣùgbọ́n kò dúdú mọ́. Ó yà á sí orí fóònù rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè, ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní, "Màmá, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí náà nìyẹn."